Kọ̀ǹpútà tí ó wọ àpò, tí ó sì ní bọ́tìnì gidi: kí ni ó ń ṣe tí fóònù kò lè ṣe?

Olùkọ́ Ìdénà (Kétu)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lẹ́yìn odi. Láti ìgbà tí fóònù olójú gíláàsì ti gba ìgboro kan, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń ṣí bí ìwé, tí ó ní bọ́tìnì tí ìka lè tẹ̀, ti di ohun tí àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ nìkan ń wá kiri. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń kọ ìtàn ìdílé àti oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Kétu àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, iṣẹ́ yìí ni ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ènìyàn máa kọ̀wé láìjẹ́ pé ó kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ.

Lórí gíláàsì, kò sí ohun tí ìka lè fi mọ ibi tí lẹ́tà kan parí sí tí òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ojú ni ó gbọ́dọ̀ máa darí ìka ní gbogbo ìgbà. Lórí bọ́tìnì gidi, ìka fúnra rẹ̀ ni ó ń mọ̀nà: ìlà kékeré tó yọ sókè lórí F àti J ni ó fi ń mọ ibi tí ó dúró sí, bí bọ́tìnì ṣe ń wọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni ó sì fi ń mọ̀ pé lẹ́tà ti wọlé. Onílù kì í wo awọ ìlù rẹ̀ kí ó tó mọ ibi tí yóò lù. Àwọn oníjó ni ó ń wò. Àgbà tí ó ń ki oríkì ìran rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í máa mi orí, kí ó máa jẹ́ hẹ̀n-ẹ́n ní ibi tí ó yẹ, kí ó sì fi hàn pé òun wà níbẹ̀. Bí mo bá tẹjú mọ́ fóònù, ohun tí bàbá yóò rò ni pé mo ń ka iṣẹ́ tí ẹlòmíràn rán sí mi, ọ̀rọ̀ yóò sì tutù lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tí mo ń lò ni Psion Series 5, tí ilé-iṣẹ́ Psion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1997. Martin Riddiford ni ó ṣe ètò ara rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ọgbọ́n tí ó fi sí i sì jinlẹ̀: bí a bá ti ń ṣí i, kíbọ́ọ̀dù á yọ́ síwájú, ojú rẹ̀ á sì fẹ̀yìn tì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kò fi ní ṣubú sẹ́yìn nígbà tí a bá fi kálàmù rẹ̀ tẹ ojú rẹ̀. Bátìrì AA méjì, irú èyí tí à ń fi sí rédíò, ni ó ń lò, wọ́n sì lè gbé e fún nǹkan bí wákàtí 10 sí 20. A kì í dúró dè é kí ó jí: bí a bá ṣí i, ibi tí a kọ ọ́ dé ni a ó bá a.

Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Ta ni ó ń lo irú rẹ̀, fún iṣẹ́ wo?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti bi yín ní ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti ní fóònù. Fóònù yẹn lè gba ohùn àgbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó sì lè wo ojú bàbá láìtẹ bọ́tìnì kankan. Bí ó bá jẹ́ ìwé kíkọ ni ẹ fẹ́, kíbọ́ọ̀dù Bluetooth tí ó ṣeé ká wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà àpò. Kí ni ìdí tí ènìyàn yóò fi ra ẹ̀rọ kan tí kò lè gbọ́ ohùn dáadáa, tí kò lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì ti òde òní, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti ju tèmi lọ?

Olùkọ́ Ìdénà (Kétu)

O ṣeun, àbúrò. Èmi náà ń gba ohùn sílẹ̀, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà láìsí àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń di ẹrù. Orúkọ ènìyàn mẹ́ta lè jọra nínú ìdílé kan, bàbá lè nawọ́ sí ilé kan kí ó wí pé «ibẹ̀ yẹn», ohùn tí a gbà kò sì ní sọ fún ọ lẹ́yìn ọdún méjì pé ibo ni ó nawọ́ sí. Ohun tí mo ń tẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn: ta ni ó sọ ọ́, ibo ni ó nawọ́ sí, ta ni ó ta kò ó, ibo ni mo ti gbọ́dọ̀ padà béèrè.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù Bluetooth, tábìlì ni ó ń fẹ́. Abẹ́ igi àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni à ń jókòó sí, orí àpótí, nígbà mìíràn orí ẹní. Bí mo bá gbé kíbọ́ọ̀dù lé orí itan, ibo ni mo fẹ́ gbé fóònù lé? Ohun méjì ni mo gbọ́dọ̀ fi iná sí, ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ rí ara wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àpò jẹ́ odindi: ojú rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ so mọ́ra, orí itan kan gbà á.

Akọ̀wé Olókè (Ṣábẹ̀)

Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Èmi kì í kọ ìtàn. Iye ni èmi ń kọ. Mo jẹ́ akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin kajú ní agbègbè wa, kọ̀ǹpútà àpò HP 200LX ni mo sì ń lò nídìí òṣùwọ̀n. HP gbé e jáde ní ọdún 1994, wọ́n sì dá a dúró ní ọdún 1999. MS-DOS 5.0, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò, tí wọ́n ti gbìn sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, bátìrì AA méjì ni òun náà ń lò.

Ohun kan wà lára rẹ̀ tí n kò rí lára ẹ̀rọ kékeré mìíràn tí mo ti dì mú: ó ya àwọn bọ́tìnì nọ́ńbà sọ́tọ̀ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ti kọ̀ǹpútà ńlá. Ẹ fojú inú wo bí iṣẹ́ ṣe rí ní àsìkò kajú. Àpò kan ń gorí òṣùwọ̀n, òmíràn ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnìkan ń pe kílò, ẹlòmíràn ń pe gbèsè tí àgbẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀ kí a lè yọ ọ́, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ sì dúró tì mí, ó ń fẹ́ mọ iye tí yóò kàn án. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń tẹ nọ́ńbà, ojú mi wà lára òṣùwọ̀n. Ìṣirò tí mo ti tò sílẹ̀ á yọ gbèsè, á fi iye owó kílò kan sọ iyókù di púpọ̀, mo á sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí àgbẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìjà dín kù púpọ̀ láti ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ti ń rí ìṣirò bí ó ṣe ń jáde.

Ọ̀rọ̀ oòrùn náà ṣe pàtàkì. Ojú HP 200LX kò ní iná tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kàn án ni ó fi ń hàn. Bí oòrùn bá ti le tó ni ó ṣe ń mọ́ kedere tó, nígbà tí ó jẹ́ pé gíláàsì fóònù máa ń di dígí ní ọ̀sán gangan, ojú ara ẹni ni ènìyàn á máa rí nínú rẹ̀. Nínú ilé ní alẹ́, àbùkù ni, mo gbà. Àtùpà ni mo máa ń fà sún mọ́ ọn.

Atúnṣe Ouando (Porto-Novo)

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mo ń ṣe nítòsí ọjà Ouando, mo sì fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dé ọkàn mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ àìsàn wọn.

Ti Series 5, ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà náà ni àárẹ̀ rẹ̀ wà. Nítorí pé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń yọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń fẹ̀yìn tì nígbà gbogbo tí a bá ṣí i, wáyà pẹlẹbẹ tí ó so ojú náà mọ́ inú ẹ̀rọ máa ń ká, á sì nà, títí yóò fi sán. Àmì rẹ̀ ni pé ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú rẹ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ kú bí ẹ bá ṣí i tán, kí ó sì tún yè bí ẹ bá pa á dé díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ta irú rẹ̀, ẹ ní kí ó ṣí i kí ó sì pa á dé lójú yín lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń ṣe é. Ọ̀dà rọ́bà tí ó bo ara rẹ̀ tún máa ń rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, pàápàá nínú ooru tiwa. Ìyẹn kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Èyí tí ó burú jù ni ọ̀rọ̀ ìrántí. Inú RAM, ìrántí tí ń ṣófo bí iná rẹ̀ bá kú, ni Series 5 àti HP 200LX ń tọ́jú ohun tí ẹ bá kọ sí. Bátìrì AA ni ó ń gbé e, bátìrì róbótó kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adúrótì nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀. Bí méjèèjì bá kú pọ̀, gbogbo ìwé yín ti lọ nìyẹn. Series 5 ní ihò fún káàdì ìtọ́jú ìwé tí à ń pè ní CompactFlash, HP 200LX ní ihò fún ti PCMCIA. Olùkọ́, orí káàdì ni kí ìtàn Kétu máa sùn. Ẹ má sì fi bátìrì tí ó ti kú sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ẹ kò lò, nítorí omi rẹ̀ á jáde, á sì jẹ irin tí ó gbé iná wọlé.

Síbẹ̀, mo ń rí ìdùnnú nínú títún wọn ṣe nítorí pé ìṣó tí ó ṣeé yí tú ni ó di wọn pọ̀. Fóònù òde òní, gọ́ọ̀mù ni. Inú mi dùn pé àwọn kan ti ń padà sí ọ̀nà yẹn. Ilé-iṣẹ́ MNT Research ní Berlin, ní Jámánì, ń ṣe kọ̀ǹpútà àpò Pocket Reform, wọ́n sì gbé àwòrán inú rẹ̀ síta fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe. Ilé-iṣẹ́ ClockworkPi ń ta kọ̀ǹpútà àpò uConsole ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, ẹni tí ó rà á ni yóò tò ó pọ̀, bátìrì 18650 méjì ni ó sì ń lò, irú èyí tí ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì tí à ń fi iná sí. Mo lè rí bátìrì yẹn rà kí oòrùn tó wọ̀. Fún wa níhìn-ín, ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ̀rọ ṣe yára tó lọ.

Oníròyìn Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ jẹ́ kí a ya oríṣi méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ohun tí a ń pè ní kíbọ́ọ̀dù kékeré kì í ṣe ọ̀kan. Ti Olùkọ́ jẹ́ ti ìka mẹ́wàá, ìjókòó ni ó ń fẹ́. Èmi tí mo ń tẹ̀lé iṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ìdúró ni mo sábà ń wà, láàárín èrò, ẹnìkan ń tì mí láti ẹ̀yìn. Kíbọ́ọ̀dù àtàǹpàkò ni ó wúlò fún mi, irú èyí tí ó wà lára fóònù BlackBerry àti Nokia E71: ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ mú, àtàǹpàkò méjì ń kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ní ọjọ́ náà ni BlackBerry dá iṣẹ́ tí àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ gbára lé dúró, kò sì sí ìdánilójú mọ́ pé wọn yóò lè pe ènìyàn tàbí gba iṣẹ́ wọlé. Bọ́tìnì wọn kò bàjẹ́, ara wọn kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n okùn tí ó so wọ́n mọ́ ilé-iṣẹ́ ti já. Psion alára ti kúrò nínú ṣíṣe irú kọ̀ǹpútà yìí láti ọdún 2001, síbẹ̀ ti Olùkọ́ ń kọ̀wé títí di òní, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́dọ̀ béèrè àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́kọ́ wò lára ẹ̀rọ báyìí nìyẹn: bí ẹni tí ó ṣe é bá kógbá sílé lọ́la, kí ni yóò kù lọ́wọ́ mi?

Ìyá Mọ̀ọ́kà (Porto-Novo)

Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti ń retí kí ẹnìkan mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí jù, n kò sì tíì rí i. Èdè wo ni ẹ ń fi àwọn bọ́tìnì yìí kọ? Mo ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lédè Yorùbá, mo sì mọ̀ pé ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti ń dá wa dúró nìyí.

AZERTY, ìtò bọ́tìnì ti Faransé, ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ó fún wa ní é lórí bọ́tìnì 2, è lórí 7, à lórí 0, àti ù lẹ́gbẹ̀ẹ́ M. Kò fún wa ní ó tàbí ò, kò fún wa ní í tàbí ì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹ, ọ àti ṣ rárá. Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ọ ní U+1ECD. Ṣ ní U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó gbé ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó fi àmì ohùn, U+0301, lé e lórí. Kíbọ́ọ̀dù tí kò bá gba irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn kò lè kọ èdè wa ní pípé.

Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àpò tí ó ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà, nìyẹn. Linux ní àtẹ bọ́tìnì Yorùbá lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, ẹni tí ó bá sì ní sùúrù lè tún bọ́tìnì tò bí ó ti wù ú. Èmi ti yọ ç kúrò lórí bọ́tìnì 9, nítorí pé Yorùbá kò lò ó, mo sì fi ṣ sí ibẹ̀. Àwọn tí ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè Benin, tí ìjọba fi lélẹ̀ ní ọdún 1975, kò tilẹ̀ nílò ṣ. Ɛ àti ɔ ni wọ́n ń wá, nítorí pé sh àti kp jẹ́ lẹ́tà tí ó ti wà lórí gbogbo kíbọ́ọ̀dù. Lórí fóònù, ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ kí àwọn ìyókù tó yọ jáde, kí ó sì tún fa ìka lọ bá èyí tí ó fẹ́. Ẹ ṣe ìyẹn fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú oríkì kan ṣoṣo, ẹ ó rí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ Yorùbá láìsí àmì.

Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń kọ ẹ àti ọ lórí ẹ̀rọ ọdún 1997? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń kọ oríkì Kétu láìsí àmì?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọ̀rọ̀ àmì yìí yí mi lọ́kàn padà ju ti bátìrì lọ. Síbẹ̀, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ owó. Gemini tí Planet Computers gbé jáde ní ọdún 2018, tí Martin Riddiford kan náà ṣe kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, lè lo Android àti Linux, ó sì wù mí gan-an. GPD Pocket ti ọdún 2017 náà wù mí, nítorí pé kọ̀ǹpútà gidi ni, ojú rẹ̀ jẹ́ íńṣì méje. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ méjèèjì ń wá láti òkèèrè, owó ẹrù àti owó ibodè á gorí iye wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sì tíì ní iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi owó ilé-ẹ̀kọ́ rà á. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ti Olùkọ́ àti ti Akọ̀wé, ni ó yẹ fún.

Atúnṣe Ouando (Porto-Novo)

Mo fara mọ́ àbúrò yìí. Mo fi ọ̀kan kún un: ẹ béèrè bóyá ẹ lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó béèrè bí ó ṣe yára tó.

Olùkọ́ Ìdénà (Kétu)

Ìyá wa, ẹ ṣé tí ẹ béèrè. N kò kọ oríkì láìsí àmì rí, n kò sì ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé oríkì tí kò ní àmì ohùn lè sọ orúkọ ẹnìkan di ti ẹlòmíràn. Lẹ́tà tí Series 5 mọ̀ jẹ́ ti àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Nínú wọn, á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú àti ù wà ní pípé, nítorí náà ohùn orí fáwẹ̀lì kò ṣòro. Àmì ìsàlẹ̀ ni kò sí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń fi ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé lẹ́tà: e/ dúró fún ẹ, o/ fún ọ, s/ fún ṣ, é/ fún ẹ tí ó gbé ohùn òkè. Àwọn àgbà kì í rí ìyàtọ̀, ìka mi kì í sì dúró. Bí mo bá dé ilé, mo á gbé fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà ńlá, ètò kékeré kan á sì yí gbogbo ìlà wọ̀nyí padà sí àmì ìsàlẹ̀.

Èrè kan wà nínú rẹ̀ fún kíláàsì yín. Fáìlì kan náà ni mo lè yí padà sí álífábẹ́ẹ̀tì ti Benin: e/ di ɛ, o/ di ɔ, s/ di sh, p sì di kp. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè fi díẹ̀ nínú àwọn ìtàn tí àwọn àgbà ti fún mi láyè láti pín ránṣẹ́ sí yín ní ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lè máa fi kàwé.

Ìyá Mọ̀ọ́kà (Porto-Novo)

Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, Olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò sì dúpẹ́. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún: p inú orúkọ tí à ń kọ bí Faransé ṣe ń kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ di kp, bí irú Porto-Novo, Parakou àti Pierre. Ẹ fi àmì kan sí iwájú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kí ètò yín lè fò ó kọjá.